Ọwọ́ Tí Mo Fi Ọ̀já Dè

Kùrukùru bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá. Kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe yìnyín. Ó kàn funfun lọ súà, ó bo ọgbà onípákó tó yí ilé ọmọ mi ká ní Temple Hills níbí, nítòsí Wáṣíńtìn nílùú òyìnbó, débi pé n kò rí òrùlé aládùúgbò wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, lóko baba mi lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, irú kùrukùru yìí náà ló máa ń bo ọkà bàbà nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, àwa ọmọdé á sì máa rìn nínú rẹ̀ bí ẹni ń la odò kọjá. Bóyá ìdí nìyẹn tí ohun tí mo rí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná lọ́jọ́ náà fi gbá mi láyà tó bẹ́ẹ̀.

Mo ń po ògì lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́wàá, wà lẹ́yìnkùlé, ó rò pé gbogbo ilé ṣì ń sùn. Ó gbé agolo ọ̀dà kan sórí ọgbà, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jọ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ àkọ́kọ́, agolo dún. Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀, ó sọ èkejì, agolo tún dún. Ó tún rìn sẹ́yìn títí kùrukùru fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì, tí n kò rí ju apá rẹ̀ tó fì lẹ́ẹ̀kan. Agolo fò kúrò lórí ọgbà, ó já sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ọwọ́ òsì ni ó ń lò.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ni ó rí mi. Kíá, ó gbé ọwọ́ náà sẹ́yìn.

"Sọ́rì, Màmá," ni ó wí. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nítorí èmi ni mo kọ́ ọ. Kì í ṣe agolo tó já sọ́dọ̀ aládùúgbò ni ó ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ọwọ́ ni.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, orógùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo kọ́kọ́ rí ẹni tó gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn nítorí tèmi. Ti ọwọ́ ìgbà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ óò ka èyí. N kò kàwé púpọ̀, ilé ẹ̀kọ́ àgbà ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ ìwé kọ, nítorí náà ẹ má wá ọ̀rọ̀ dídùn nínú rẹ̀. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni àgbà, mo fi ọdún mẹ́ta ju àbúrò mi obìnrin lọ. Iṣẹ́ wa lóko ni kí a máa lé ẹyẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oúnjẹ nínú ọ̀rá kò lè mọ̀ pé bí ọkà bàbà bá ti ń gbó, ẹyẹ ẹ̀gà á ya dé bí òjò, bí ẹ bá sì ṣẹ́jú péré, wọn á ti jẹ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Baba wa fi igi kan pẹpẹ kan sáàárín oko, ó ga ju ọkà lọ, wọ́n sì gbé àkàbà tì í. Orí rẹ̀ la máa ń dúró sí, tí a ó máa pariwo, tí a ó máa lu agolo, tí a ó sì máa sọ òkò.

Èmi ló mọ ariwo pa. Àbúrò mi ló mọ òkò sọ. Òkò tèmi á já sáàárín ọkà, baba wa á pariwo láti ọ̀nà jíjìn pé, "Ìwọ yìí, ṣé ẹyẹ lò ń lé ni àbí ọkà?" Ṣùgbọ́n àbúrò mi! Kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ojú mú nǹkan, ọwọ́ òsì rẹ̀ á kàn fì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kì í yẹ ara rẹ̀ wò, kì í sáré, kì í fi agbára ṣe é. Á já mángòrò lórí igi láìjá ewé. Lọ́jọ́ kan ó sọ òkò pa àparò tó ń fò. Mo ní, àparò tó ń fò! Baba wa fa àparò náà lẹ́sẹ̀ kiri gbogbo ahéré, ó ń fi han àwọn ará oko, ó ní, "Ẹ wo ohun tí ọdẹ mi pa." Láti ọjọ́ náà ni ó ti sọ àbúrò mi ní Ọdẹ Mi. "Ọdẹ Mi, wá jẹun." "Ọdẹ Mi, wá yọ ẹ̀gún fún mi." Èmi kò ní orúkọ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó dùn mí wọra.

Ìyá wa ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn ọwọ́ òsì náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi òsì jẹun, a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í fi júwe ilé baba ẹni. Ìyá wa wá pè mí, ó ní, "Ìwọ lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Máa ṣọ́ ọ nídìí oúnjẹ. Bó bá ki òsì bọ ọbẹ̀, gbá a lọ́wọ́. Bó bá fi gba nǹkan, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ padà, kó fi ọ̀tún gbà á." Ohun tí ó sọ kò jù bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ òkò. Kò dárúkọ oko rárá. Èmi ni mo fi kún un.

Mo ya etí ọ̀já àlòkù tí ìyá wa fi pọn wá, mo dì í mọ́ ìdí aṣọ mi. Nígbà tí a kọjá odò tí ará ilé kò rí wa mọ́, mo ní kí àbúrò mi gbé ọwọ́ wá, mo sì dè é mọ́ ọn ní ìbàdí. Mo ní ìyá wa ló ní kí n dè é títí ọwọ́ ọ̀tún yóò fi gbọ́n. Kò jà. Ó kàn bi mí pé, "Ìyá wa ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Àbí èmi ni màá sọ ọ́?" Bí a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, màá tú u ní etí odò kan náà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a ṣe bẹ́ẹ̀. Òpin oko lọ́hùn-ún ni baba wa ti ń ṣiṣẹ́, kò sún mọ́ wa tó láti rí ọ̀já náà. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń yún mi." "Fi ọ̀tún họ ọ́." Bí ẹ̀gà bá dé, màá nawọ́ òkò sí i, màá ní, "Ó yá, Ọdẹ, sọ ọ́ ká rí i!" Yóò fi ọ̀tún sọ ọ́, òkò á já sílẹ̀ níwájú pẹpẹ bí èso tó rà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí pé ó dùn mọ́ mi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, kùrukùru ti rẹ àkàbà. Ẹ̀gà ti dé kí a tó dé, baba wa ń pariwo lọ́nà ọ̀hún pé kí a gòkè kíá. Èmi ti kọ́kọ́ gòkè. Àbúrò mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ẹni tó ní ọwọ́ méjì ì bá di igi mú. Ó ṣubú lé apá tí mo dè, mo sì gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí pẹpẹ níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ pòròpórò gbígbẹ.

Kí baba wa tó dé, mo ti tú ọ̀já, mo ti jù ú sínú igbó. Àbúrò mi ń wò mí bí mo ti ń tú u. Kò tíì sunkún nígbà náà. Baba wa bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀." Ó yíjú sí i, ó ní, "Ọdẹ Mi, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀." Ọ̀rọ̀ mi gan-an ni ó sọ, ó kàn yí i sí tirẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń to eegun. Eegun jinná, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ kò nà mọ́. Ó ká bẹ́ẹ̀ títí di òní, bí ọwọ́ ẹni tó gbé aṣọ dání. Kò lè sọ òkò mọ́. Ó wá di pé ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan, ìyá wa sì sọ lójú mi pé, "Ọlọ́run ló fi ìṣubú tún un ṣe." Mo gbọ́ ọ, mo ń bó iṣu lọ, n kò gbójú sókè. Bí àlejò bá wọlé, àbúrò mi á gbé ọwọ́ náà sẹ́yìn. Baba wa kò pè é ní Ọdẹ Mi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò fún èmi ní orúkọ náà.

Nǹkan tí ẹ óò fẹ́ bi mí báyìí ni pé, ṣé n kò wá kọ́gbọ́n? Mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n òdì ni mo kọ́ ọ. Mo rò pé ọ̀já ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo rò pé ohun tí mo fi ọ̀já kọ́ ọ kò ní àlébù.

Ọmọ mi obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbí, nọ́ọ̀sì ni. Wákàtí méjìlá ló fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn lójúmọ́ iṣẹ́. Ó mú mi wá láti wo ọmọ yìí nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjì. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni mo rí i tó fi òsì mú ṣíbí.  Mo ní nínú ọkàn mi pé n kò ní dè é, n kò ní gbá a, n kò ní gbóhùn sókè sí i. Ẹ̀rín ni mo fi ṣe é. Bí ó bá fi òsì na nǹkan sí mi, n kò ní gbà á. Màá máa wò ó, màá máa rẹ́rìn-ín, títí yóò fi pààrọ̀ ọwọ́. Màá wá pàtẹ́wọ́ fún un. Mo yọ ṣíbí kúrò ní òsì, mo fi sí ọ̀tún. Mo yọ pẹ́ńsùlù, mo fi sí ọ̀tún. Nígbà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé. Inú ìyá rẹ̀ dùn. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí ọmọ yìí di òyìnbó tán."

Ilé wa wá jẹ́ ilé tí wọ́n fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù. Ọkọ ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Wáṣíńtìn, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ óò rò pé òun ló ni gbogbo àwọn tó ń sáré níbẹ̀. Irú bọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n ń wò jù. Ọ̀kan ni básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù, tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ lù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sínú àwọ̀n tó wà lókè. Èkejì ni béésíbọ́ọ̀lù, tí ẹnì kan máa ń ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, tí ẹlòmíràn tó mú igi yóò máa gbìyànjú láti gbá a. Gbogbo ìgbà ni tọkọtaya yìí ń jiyàn lórí ohun tó sọ àwọn kan di ọ̀gá nínú rẹ̀.

"Gíga ni," ọkọ á wí. "Ẹni tó bá ga, àwọ̀n ti sún mọ́ ọn."

"Gíga wo?" ìyàwó á dá a lóhùn. "Ṣebí ẹ̀yin náà ga. Mélòó lẹ ti jù sínú àwọ̀n rí? Gílóòbù tó jó lókè ilé ìdáná, ẹ ò tíì pààrọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

"Màmá, ẹ gbọ́ o, wọ́n ń bú mi lójú yín."

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá ti sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju béésíbọ́ọ̀lù, tí mo rí bó ṣe fi ojú mú ibi tó fẹ́ jù ú sí, tí ojú náà kò ṣẹ́, tí apá kàn fì lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń dìde. Màá ní mo fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná. Mo ti rí ojú yẹn rí, mo sì mọ ẹni tó ni ín.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ọmọ wa wọ ẹgbẹ́ básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé. Obìnrin tó ń kọ́ wọn yìn ín pé ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu bọ́ọ̀lù bákan náà, pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ kì í mọ ibi tó máa yà sí. Baba rẹ̀ sáré wá bá mi, ó ní, "Màmá, iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé o! Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọwọ́ ọ̀tún, òsì ò sì gbàgbé." Mo gba ìyìn náà. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ẹ wò ó, kò sí ewu níbẹ̀. Mo sun oorun tó dùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, béésíbọ́ọ̀lù dé. Èyí ni ọmọ náà fẹ́ràn jù láyé rẹ̀. Ó fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kò fẹ́ ipò mìíràn. Bó bá ju bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èjìká ọ̀tún á máa dùn ún. Bọ́ọ̀lù á já sílẹ̀ kó tó débi tó ń lọ, bí òkò àbúrò mi nígbà tí mo ń fi í ṣẹ̀sín. Ìyá rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní tíì bọ́ bàtà, á máa fi òróró pa á léjìká.

Kóòṣì wọn, ẹni tó ń kọ́ wọn ní béésíbọ́ọ̀lù, jẹ́ bàbá adúláwọ̀ kan, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, Camp Springs nítòsí wa ló ń gbé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ kan, ọmọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní òun ti wo àwọn tó di ọ̀gá láti kékeré wọn, kì í ṣe nǹkan iṣan apá. Ó ní ojú wọn máa ń tètè rí nǹkan, ara wọn kì í sì í bá ojú jiyàn. "Ara ọmọ yín yìí ń jiyàn," ni ó wí. "Ojú rẹ̀ dára, mi ò tíì rí irú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbọ́ ohun tí ojú ń wí. Mi ò mọ ìdí." Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun ń wá nísinsìnyí ni ẹni tó ń fi òsì jù ú, nítorí wọn kì í pọ̀, bọ́ọ̀lù wọn sì máa ń gba ibi tí ẹni tó mú igi kò ronú sí.

Ọmọ mi túmọ̀ èyí náà fún mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ń wo bàtà mi. Mo mọ ìdí tí kóòṣì kò mọ̀. Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí àga mi létí pápá yẹn, tí mo mọ̀ ọ́n, tí n kò sọ ọ́.

Báyìí ni a ṣe dé òwúrọ̀ kùrukùru tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kóòṣì fẹ́ yan àwọn tí yóò máa bá a lọ. Mo bi ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ta ló kọ́ ọ ní òkò sísọ?"

"Kò sí."

"Kí ló dé tí o kì í fi ọwọ́ yẹn jù ú níwájú kóòṣì?"

Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mo fẹ́ dán òun wò. "Ẹ sọ pé ọwọ́ yẹn ò dáa."

Níbẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ohun tí mo sọ ni pé, "Wọlé wá mu ògì."

Ní ọ̀sán, kùrukùru ti ká, oòrùn ti yọ sí pápá ní District Heights. Ó fi ọ̀tún jù ú. Ó jù ú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Kóòṣì pe orúkọ, kò pe tirẹ̀. Ó ní ó ku àyè kan péré, òun yóò sì fi ẹnì kan sí i ní Sátidé tó ń bọ̀. Lónìí Ọjọ́rú ni mo ń kọ èyí, a kò tíì mọ ẹni náà. Ọmọ náà rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní òun kò mọ nǹkan ṣe ni, kí a máa lọ ilé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì mi kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn.

Nígbà tí a délé, mo ní kí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ jókòó. Mo sọ ọ́ fún wọn láti orí ọ̀já títí dé orí ṣíbí. Ọkọ ọmọ mi pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi yíjú sí mi. Ó wá ní, "Màámi. Mo ń fi òróró pa ọmọ yìí léjìká láti oṣù tó kọjá. Ẹ ń wò mí?"

Mo ní, "Mò ń wò ọ́."

"Rọra, jàre," ọkọ rẹ̀ wí. "Àgbà ni wọ́n."

"Mo mọ̀ pé àgbà ni wọ́n. Ìbéèrè ni mo bi wọ́n, mi ò bú wọn." Ó dìde, ó wọlé lọ. Oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún un kò jẹ ẹ́. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe àbúrò mi ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ kì í pè báyìí."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ ni."

"Ọwọ́ mi? Ó wà níbí, òun ni mo fi gbé fóònù. Ó ti ká sílẹ̀ fún fóònù kí òyìnbó tó ṣe é jáde." Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ìyá wa ò ní kí n dè é. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn."

Ẹ̀rín dá.  Ó wá ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo bi ìyá wa lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

 Ìyá wa ti mọ̀, ó sì kú láì bi mí. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi láti ìgbà yẹn?"

"Mò ń retí kí ẹ̀yin sọ ọ́ ni."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́, nítorí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè rọrùn fún mi. Ó bi mí ohun tó mú un wá sí mi lọ́kàn lónìí, mo sì sọ ti ọmọ náà fún un, àti ti agolo ọ̀dà.

"Ó bà á lẹ́ẹ̀mẹta?" ni ó bèèrè. "Nínú kùrukùru?"

"Lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti orí pẹpẹ onígi yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó jù ú."

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ibi tí òkò ọmọbìnrin lè lọ kò ju ara ẹ̀gà lọ, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ọwọ́ náà ìbá dà. Níbí, pápá ni wọ́n ń kọ́ fún ẹni tó mọ nǹkan jù, ọ̀pọ̀ èrò á sì jókòó yí i ká. Àwọn tó mọ̀wé ń jiyàn bóyá gíga ló ń sọ wọ́n di ọ̀gá, tàbí ojú, tàbí àṣetúnṣe. Èmi kò lè bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn tó sún mọ́ ọn jù kò dí i lọ́wọ́. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn dè lọ́wọ́, ta ló mọ iye wọn? N kò ní parọ́ fún yín o: bí ẹnikẹ́ni bá fi òsì gbé àwo oúnjẹ fún mi lónìí, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ. Mo ti dàgbà jù láti yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n àwo oúnjẹ kì í ṣe òkò, èmi ló yẹ kó ti mọ ìyàtọ̀ wọn.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ mi gbé oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n kò tíì bá mi sọ ju "ẹ jẹun, mà" lọ. Mo mú ìbọ̀wọ́ tí ọmọ-ọmọ mi gbé lé mi lẹ́sẹ̀ ní pápá. Ẹni tó ń fi ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe é fún, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń fi bọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń fi òsì jù ú kò lè lò ó, baba rẹ̀ sì ti ní òun yóò ra irú tirẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní kò burú, ẹnì kan ṣì lè lò ó. Mo ki ọwọ́ òsì mi bọ̀ ọ́, mo fi gèlè ṣọ́ọ̀ṣì mi gba ìdí, mo sì lọ dúró síwájú ọgbà, níbi tí agolo ọ̀dà ti wà lọ́jọ́ Sátidé.

"Màmá!" Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò lè mú un o."

"Ìyẹn kò kàn ọ́. Fi ọwọ́ rẹ jù ú."

"Èwo?"

"Tìrẹ."

Ó dúró díẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì fi bọ́ọ̀lù sí òsì. Èyí àkọ́kọ́, mo yẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù bà mí. Èkejì kọjá létí mi, ó gbá ọgbà. Mo rí ọmọ mi lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wá. Ẹ̀kẹta dé, n kò rí i títí ó fi wọ inú ìbọ̀wọ́ náà, ó sì dùn mí wọ eegun, láti àtẹ́lẹwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́ òsì mi. Ọmọ náà sáré bọ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ó dùn yín?"

N kò fọwọ́ ra á. Mo ju bọ́ọ̀lù náà padà sí i, mo na ìgbọ̀nwọ́ mi títí ó fi nà tán, mo sì ní, "Padà sí àyè rẹ. Ju òmíràn."